Ẹ̀rí Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí Àṣekágbá Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Kìn-ín-ní: Ohun Tí Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ Kan Lè Kọ́ Lára Òmíràn

1.0 Ìfáàrà

Lọ́dọọdún, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè kìn-ín-ní tó jáde ní yunifásítì, a máa ń pa á láṣẹ pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ìwádìí kan fúnra rẹ̀ lábẹ́ olùkọ́ kan, kí ó sì kọ àbọ̀ ìwádìí náà sínú ìwé. Orúkọ tí à ń pe iṣẹ́ yìí yàtọ̀ láti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn. Àpilẹ̀kọ ni àwọn kan ń pè é. Pírójẹ́ẹ̀tì ni àwọn mìíràn ń pè é. Nínú ìwé yìí, iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ni a ó máa pè é, tàbí iṣẹ́ àṣekágbá ní ṣókí.

Gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a pé jọ sí àpérò yìí ni a ti kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn olùkọ́ wa sì ti bójú tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá bi ara wa léèrè ohun tí a ń fi iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn tí a bá ti fún un ní máàkì tán, ìdáhùn wa kò ní dùn ún gbọ́. A ó di ìwé náà, a ó kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, a ó tò ó sórí pẹpẹ, eruku yóò sì bò ó. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé ibi tí ó yẹ ẹ́ náà nìyẹn, nítorí pé, lójú tiwọn, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba oyè kankan kò lè ní ohun tuntun láti fi kún ìmọ̀.

Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. A gbà pé iyì iṣẹ́ àṣekágbá kò sí nínú orí tí ó kẹ́yìn rẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ ohun tí ó parí èrò sí. Inú ẹ̀rí tí ó kó jọ ni iyì náà wà, bí ẹlòmíràn bá lè padà dé ìdí ẹ̀rí náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, a ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ṣókí nípa ibi tí iṣẹ́ àṣekágbá ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà a ó wo bí ẹ̀kọ́ nípa àpáta, ẹ̀kọ́ nípa ewéko, kẹ́mísírì àti ẹ̀kọ́ ìtàn ṣe ń tọ́jú ẹ̀rí. A ó wá padà sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwa, ti èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, láti wo ohun tí ó ń sọnù mọ́ wa lọ́wọ́ àti ọ̀nà tí a lè gbà dá a dúró.

2.0 Bí Iṣẹ́ Àṣekágbá Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Èrò pé kí ibi tí a ti ń kọ́ni jẹ́ ibi tí a ti ń ṣe ìwádìí pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1810, lábẹ́ ìmọ̀ràn Wilhelm von Humboldt, ni a sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ibi tí èrò náà ti fìdí múlẹ̀. Ní èrò Humboldt, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń wá ìmọ̀ ni. Ìmọ̀ kì í ṣe ẹrù tí ẹnìkan ti dì tán tí yóò kàn gbé ru ẹlòmíràn.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948 wà lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù títí di ọdún 1962 tí ó di yunifásítì tí ó dá dúró. Ní ọdún 1962 kan náà ni Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní Amẹ́ríkà, Margaret MacVicar dá ètò kan sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní ọdún 1969, èyí tí ó fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè kìn-ín-ní láàyè láti bá olùkọ́ ṣe ìwádìí pọ̀, láì dúró di ọdún tí ó kẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò ka akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹni tí à ń dán wò nìkan. Wọ́n kà á sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúlò nínú iṣẹ́.

Bí a bá sì wò ó dáadáa, àwọn baba wa mọ irú ètò yìí. Ọmọ awo tí ó ń kọ́ Ifá kì í kàn jókòó kí ó máa gbọ́. Ọ̀gá rẹ̀ yóò rán an lọ já ewé. Nígbà tí ó bá dé, ọ̀gá yóò gba ewé náà, yóò yí i síwá sẹ́yìn, yóò gbóòórùn rẹ̀, kí ó tó gbà pé ewé tí òun rán an ni ó já. Ọmọ awo tí ó bá sọ pé òun ti rí ewé náà, ṣùgbọ́n tí ó padà dé lọ́wọ́ òfo, kò tíì jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ìwé yìí kò sọ ju èyí lọ.

3.0 Ohun Tí A Pè Ní Ẹ̀rí

Nínú ìwé yìí, ẹ̀rí ni ohunkóhun tí ó wà lóde ọkàn olùwádìí, tí òun àti ẹni tí kò gbà á gbọ́ lè jọ wò pọ̀. Èrò olùwádìí kì í ṣe ẹ̀rí, bí ó ti wù kí ó jinlẹ̀ tó. Ọ̀rọ̀ tí ó yá lọ́wọ́ onímọ̀ mìíràn kì í ṣe ẹ̀rí fún ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun rí. Ìbéèrè mẹ́ta ni a lè fi dá ẹ̀rí mọ̀. Èkíní, níbo àti nígbà wo ni a ti rí i? Èkejì, ọwọ́ ta ni a ti rí i gbà, ọ̀nà wo ni a sì gbà rí i? Ẹ̀kẹta, níbo ni ó wà báyìí?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń dáhùn ìbéèrè kìn-ín-ní. Àwọn tí a kọ́ dáadáa ń dáhùn èkejì pẹ̀lú. Ìbéèrè kẹta ni a kì í sábà bi wọ́n, òun sì ni ó ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà yóò wúlò fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọjọ́ tí a fún un ní máàkì.

4.0 Ẹ̀rí Láti Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ Kan Sí Òmíràn

4.1 Ẹ̀kọ́ nípa àpáta

Akẹ́kọ̀ọ́ jiọ́lọ́jì a máa gba ìpín ilẹ̀ kan, yóò sì fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan rìn ín já. Òòlù, kọ́ńpáàsì, máàpù àti ìwé àkọsílẹ̀ ni ó ń mú dání. Níbikíbi tí àpáta bá ti yọ sókè, yóò dúró. Yóò sàmì sí ibẹ̀ lórí máàpù, yóò wọn ìhà tí àpáta náà kọjú sí àti bí ó ṣe dagun tó, yóò fi òòlù ya díẹ̀ lára rẹ̀, yóò sì kọ nọ́ńbà sí èyí tí ó ya. Nígbà tí ó bá padà délé, a ó gé òkúta náà, a ó sì máa lọ̀ ọ́ títí tí kò fi ní nípọn ju 0.03 mìlímítà lọ, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò lè parọ́ pẹ́. Bí ó bá kọ ọ́ pé oríṣi àpáta kan wà ní ẹ̀bá odò kan, olùkọ́ rẹ̀ lè gbé bàtà wọ̀ kí ó lọ síbẹ̀. Àpáta Olúmọ kò kúrò ní Abẹ́òkúta, òkè Ìdànrè kò sì ṣí lọ. Síbẹ̀ náà, a kò gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti sọ pé níwọ̀n ìgbà tí àpáta wà lóko, kò sí ìdí fún òun láti mú òkúta wá sílé. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ kì í kú ni ó ń tọ́jú ẹ̀rí jù. Ó yẹ kí èyí ti àwa tí ẹ̀rí wa ń kú lójú.

4.2 Ẹ̀kọ́ nípa ewéko

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ṣe ìwádìí nípa ewé ìṣègùn ní ìṣòro kan tí àwa onímọ̀ èdè mọ̀ dáadáa: orúkọ kì í ṣe ohun tí ó ń jẹ́ ẹ. Ewé kan lè ní orúkọ mẹ́ta. Ewé mẹ́ta sì lè máa jẹ́ orúkọ kan. Àpẹẹrẹ kan tí ó tayọ ni igbó kan tí ó gba oko àti ẹ̀bá ọ̀nà ní ilẹ̀ wa, tí a máa ń fún omi ewé rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Akíntọ́lá ni àwọn kan ń pè é. Awólọ́wọ̀ ni àwọn mìíràn ń pè é, àfi bí ẹni pé ìjà òṣèlú àwọn aṣáájú méjèèjì wọ inú igbó lọ. Chromolaena odorata ni orúkọ rẹ̀ ní Látìnì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá kọ iṣẹ́, tí ọ̀kan sọ̀rọ̀ nípa ewé Akíntọ́lá, tí èkejì sọ̀rọ̀ nípa ewé Awólọ́wọ̀, ẹni tí ó bá ka ìwé méjèèjì lè rò pé ewé méjì ni wọ́n.

Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n rí ni láti mú ewé náà fúnra rẹ̀ wá. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò já ẹ̀ka kan pẹ̀lú òdòdó tàbí èso rẹ̀, yóò tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, yóò gbé nǹkan lé e títí yóò fi gbẹ pẹlẹbẹ, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, yóò sì kọ ọjọ́ tí ó já a, ibi tí ó ti já a, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é àti orúkọ ara rẹ̀ sí i. Yóò wá gbé e lọ sí ibi tí a ń kó irú ewé bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí, bí èyí tí ó wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ igbó, tí gbogbo àgbáyé mọ̀ ní FHI. Wọn yóò fún un ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà ni yóò sì kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì kò ní bá akẹ́kọ̀ọ́ jà. Yóò lọ wo ewé. Pierre Verger, tí a tún mọ̀ sí Fátúnmbí, tẹ̀lé irú ọgbọ́n yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí ewé, èyí tí ó jáde ní Brazil ní ọdún 1995: ó kọ orúkọ tí Yorùbá ń pe ewé, ó sì kọ ti Látìnì tì í.

4.3 Kẹ́mísírì

Ní ilé àyẹ̀wò kẹ́mísírì, ìwé àkọsílẹ̀ ni olórí ẹ̀rí. A ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó fi báírò kọ ohun tí ó rí, kí ó má ṣe fa ojú ewé ya, kí ó má ṣe pa ohun tí ó bá ṣì kọ rẹ́, bí kò ṣe kí ó fa ìlà kan là á já kí a ṣì lè kà á. A ó ní kí ó wọn nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ bára mu.

Ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìtàn William Henry Perkin. Ní ọdún 1856, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ Hofmann ní ilé-ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Kuinín, oògùn ibà, ni ó ń wá ọ̀nà láti pò. Kò rí i pò. Ohun tí ó kù sí ìsàlẹ̀ ohun èlò rẹ̀ jẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú kan tí ẹlòmíràn ìbá dà nù. Nígbà tí ó fi ọtí líle fọ̀ ọ́, àwọ̀ elésè-àlùkò ni ó jáde, èyí tí ó wá di ọ̀kan nínú àwọn aró àkọ́kọ́ tí a fi ọgbọ́n kẹ́mísírì ṣe fún títà. Bí Perkin bá ti jẹ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ kìkì ohun tí ó bá èrò rẹ̀ mu sílẹ̀, àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ ìbá kúrú: kuinín kò ṣe é pò. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ohun tí a kò wá kiri, tí a sì rí, jẹ́ ẹ̀rí pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó lọ gba rárà sílẹ̀, tí wọ́n fi ìtàn ìdílé dá a lóhùn, kò gbọdọ̀ pa ìtàn náà tì nítorí pé kò sí nínú àkòrí iṣẹ́ rẹ̀.

4.4 Ẹ̀kọ́ ìtàn

Ní ẹ̀kọ́ ìtàn, a kò nílò láti rìn jìnnà. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1897. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, ó dárúkọ díẹ̀ nínú àwọn tí ó fi ìtàn tó o létí, bí i David Kúkọ̀mí tí ó jẹ́ àgbà nínú ìjọ Ìbàdàn, àti Lágúnjú tí ó jẹ́ Tìmì Ẹdẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí tí ìwé náà fi rí ọ̀rọ̀ ogun láti ojú Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ju ti ibòmíràn lọ, orúkọ àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ rẹ̀ yóò ṣe àlàyé púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà lẹ́yìn tí a kọ ọ́ tán ni ó kàn wá jù níhìn-ín. A fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọnù mọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Johnson kú ní ọdún 1901 láì fojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà tí kò tíì dán tí olóògbé fi sílẹ̀ jọ, tí ó sì tún gbogbo ìwé náà kọ. Ní ọdún 1916 tí ó fi èyí ránṣẹ́, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e lójú agbami, ọkọ̀ náà sì di ará Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Bí Johnson bá ti sun àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ níná lọ́jọ́ tí ó parí ìwé, ohun tí à bá mọ̀ nípa ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní ilẹ̀ Yorùbá ìbá dín kù gidigidi. Ìwé tí ó dán sọnù. Èyí tí kò dán ni ó gbà wá là.

5.0 Ohun Tí Ó Ń Sọnù Lọ́dọ̀ Tiwa

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ni ó dá lórí ohùn: ìjálá, ẹkún ìyàwó, ẹ̀sà, oríkì orílẹ̀, ẹ̀ka-èdè ìlú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ sí ìlú rẹ̀ nígbà ìsinmi, yóò gba ohùn àgbà kan sílẹ̀, yóò dà á kọ, yóò sì fi ohun tí ó dà kọ kún ẹ̀yìn ìwé gẹ́gẹ́ bí àfikún. A ka orí tí ó sọ̀rọ̀ nípa tíọ́rì, a fún un ní máàkì. Ta ni nínú wa tí ó gbọ́ ohùn náà?

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé àdàkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ìtumọ̀ tí olùwádìí fún ẹ̀rí ni. Ẹni tí ó da ohùn kọ ni ó pinnu ibi tí ìlà kan parí sí, ibi tí akéwì ti mí, ọ̀rọ̀ tí ó fà gùn àti èyí tí ó gé kúrú. Òun náà ni ó pinnu àmì ohùn. Gbogbo wa mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Nígbà tí Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní ọdún 1966, kò fi mọ sí àlàyé nípa ìjálá. Ó tẹ ìjálá fúnra wọn pẹ̀lú ní èdè Yorùbá, kí ẹni tí kò gba àlàyé rẹ̀ lè rí ohun tí yóò fi ta kò ó. Ọ̀wọ̀ tí ó yẹ kí olùwádìí máa bù fún òǹkàwé nìyí. Lónìí tí fóònù tí ó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kí ọ̀wọ̀ náà ju ìwé lọ, kí ó dé orí ohùn.

Mo ní láti sọ ti ara mi níhìn-ín, nítorí pé n kò lè bá ẹlòmíràn wí fún ohun tí èmi náà jẹ̀bi rẹ̀. Nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá tèmi, mo gba ìjálá àgbà ọdẹ kan sílẹ̀ sórí fóònù mi, ohun tí ó lé ní wákàtí méjì. Mo da èyí tí mo nílò kọ. Ẹni tí mo gbé e fún láti tẹ̀ ẹ́ kò mọ bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Èmi ni mo fi báírò fi àmì sí i, ní òru ọjọ́ tí ó ṣíwájú ọjọ́ tí a ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, n kò sì fi sí gbogbo rẹ̀ tán. Mo gba máàkì tí ó dára. Ní ọjọ́ ìgboyè, fóònù mi kún. Mo pa ohùn àgbà náà rẹ́ kí ààyè lè wà fún àwòrán.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan mú ìwé mi tọ̀ mí wá. Nínú oríkì ẹfọ̀n tí mo dà kọ, ó bá ọ̀rọ̀ kan tí kò ní àmì. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀kọ̀ ni àgbà náà pè tàbí ọkọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kọ̀, ohun ìjà ni ìlà náà ń sọ. Bí ó bá jẹ́ ọkọ, àwàdà ni àgbà náà ń ṣe. Ó fi ọdẹ ṣe ọkọ, ó fi ẹfọ̀n ṣe ìyàwó tí ó ń ṣe orí kunkun. Ìtumọ̀ oríkì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ yí padà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. N kò rántí. Àgbà náà ti re ìwàlẹ̀ àṣà, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì sun ìjálá. Mo ní wákàtí méjì ohùn rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà kan rí. Lónìí ojú ewé mọ́kànlá ni ó kù, n kò sì lè búra sí gbogbo ohun tí ó wà nínú wọn.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àpáta àti ohùn, ìyẹn ni. Àpáta yóò dúró dè wá títí di ọdún tí ń bọ̀.

6.0 Àtakò Tí Ó Lè Wáyé

Àwọn kan lè sọ pé ẹrù tí à ń dì yìí ti wúwo jù fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè kìn-ín-ní, tí àkókò rẹ̀ kò pọ̀, tí owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Òtítọ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun kọ́ ni à ń bù kún tirẹ̀. Ó ti gba ohùn náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí à ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ó má pa á rẹ́. Bí ẹrù bá wúwo jù, orí tí ó sọ nípa tíọ́rì ni kí a dín kù. Ojú ewé ogún tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń tún ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sọ wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ náà. Ohùn àgbà tí ó gbà sílẹ̀ kò sí níbòmíràn.

Àtakò kejì ni pé àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ kan kò fẹ́ kí a dárúkọ wọn, àti pé ọ̀rọ̀ awo wà tí kò yẹ kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Àtakò yìí lágbára, a kò sì gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n títọ́jú nǹkan yàtọ̀ sí títan nǹkan kálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè lọ́wọ́ àgbà kí ó tó tan ẹ̀rọ: ṣé kí a dárúkọ yín, ta ni ó lè gbọ́ ọ, títí di ìgbà wo? Kí ó sì kọ ìdáhùn àgbà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ni yóò dùn mọ́ pé a bi wọ́n.

Àtakò kẹta kì í ṣe ohun tí à ń sọ síta. Gbogbo wa mọ̀ pé a ń ta iṣẹ́ àṣekágbá tí a ti kọ sílẹ̀ lẹ́bàá ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ kan lè pààrọ̀ orúkọ ìlú nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn kí ó sì gbé e wá. Òfin àti ìjìyà nìkan ni a máa ń rò gẹ́gẹ́ bí oògùn èyí. Lérò tiwa, bíbéèrè ẹ̀rí sàn ju ìjìyà lọ. Ẹni tí ó ra ìwé lè ra àlàyé àti àgbálọgbábọ̀. Kò lè ra ohùn àgbà tí ó pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà nígbà tí ó ń kí i káàbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ra ìwé àkọsílẹ̀ tí òjò ilé abẹ́nà-ìmọ̀ ta sí.

7.0 Àwọn Àbá

Nítorí náà, a dá àwọn àbá wọ̀nyí fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa:

(i) Kí a má gba iṣẹ́ àṣekágbá kankan tí ó dá lórí ohùn láì gba ohùn náà pẹ̀lú rẹ̀, kí a sì fún un ní nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ìwé.

(ii) Kí ẹ̀dà ohùn kọ̀ọ̀kan wà ní ibi méjì ó kéré tán, kí iná tàbí olè má baà kó méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

(iii) Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ojú ewé kan nípa abẹ́nà-ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀ bí ó bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ orí rẹ̀, ìlú rẹ̀, ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, ọjọ́ àti ibi tí a ti gba ohùn rẹ̀, àti ohun tí ó sọ nípa ẹni tí ó lè gbọ́ ọ.

(iv) Kí àmì ohùn wà lórí gbogbo àdàkọ. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ti gbọ́ ohun tí a sọ ketekete, kí ó sọ bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe dọ́gbọ́n sí i.

(v) Nínú ìdá 100 máàkì tí a ń fún iṣẹ́ náà, kí a ya ìdá kan tí ó jọjú sọ́tọ̀ fún bí a ṣe tọ́jú ẹ̀rí. Ohun tí a kò fún ní máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà á sí.

(vi) Kí ẹ̀dà iṣẹ́ náà padà dé ọwọ́ ìdílé tí ó fún wa ní ohùn. Nínú gbogbo àbá wọ̀nyí, èyí ni ó rọrùn jù, òun sì ni a kì í sábà rántí.

8.0 Ìkádìí

Nínú ìwé yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí a máa ń rò pé wọ́n jìnnà sí tiwa ń dáhùn ìbéèrè kan tí àwa ti fojú fò dá: níbo ni ẹ̀rí wà báyìí? Onímọ̀ àpáta ní òkúta tí ó ní nọ́ńbà. Onímọ̀ ewéko ní ewé gbígbẹ lórí páálí. Onímọ̀ kẹ́mísírì ní ìwé tí a kò fa ojú ewé kankan ya nínú rẹ̀. Onímọ̀ ìtàn ní orúkọ ẹlẹ́rìí àti ẹ̀dà àkọsílẹ̀. Àwa ní àfikún ẹ̀yìn ìwé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olùkọ́ kan ṣoṣo kò lè dé gbogbo ìlú àti abà tí a ti ń sun ìjálá tàbí tí a ti ń ki oríkì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè kìn-ín-ní ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí pé ilé ìyá wọn ni. Ọwọ́ wọn wọ kèrègbè náà. Wọ́n lè má tíì mọ tíọ́rì dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó ń ṣílẹ̀kùn fún wọn kò ní ṣí i fún wa nígbà gbogbo, wọn kò sì ní máa wà títí lọ. Ohun tí ó kù fún àwa olùkọ́ àti àwa akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga ni pé, nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá ti oko dé, kí a kọ́kọ́ béèrè ewé tí a rán wọn, kí a tó béèrè ohun tí wọ́n rò nípa rẹ̀.